Verlyn Sundquist, Olórí Ìrìnàjò Gọ́ọ̀fù Wa

Verlyn Sundquist kò mọ gọ́ọ̀fù gbá. Mo fẹ́ tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn akọni ni mo fẹ́ sọ. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì tíì lọ síbi tó rán an lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Bó bá dojú kọ ihò, bọ́ọ̀lù á yà sínú igbó. Bó bá dojú kọ igbó, á yà sínú adágún. Síbẹ̀, òun ni olórí ìrìnàjò wa. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni àwa mẹ́rin ti máa ń fi Nordby, ìlú wa ní àríwá Minnesota, sílẹ̀ lóṣù kejì ọdún nígbà tí òtútù bá le jù, tí a ó sì lọ gbá gọ́ọ̀fù fọ́jọ́ márùn-ún nínú oòrùn Arizona. Verlyn ló ń ṣètò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń pè ní ètò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verlyn fi wa ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì fún ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò ríbi kó gbogbo ìṣọ́ra yẹn lé mọ́ àfi orí wa. Ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti bo pápá gọ́ọ̀fù ìlú wa lóṣù kọkànlá, á gbé fáìlì kan jáde tó nípọn ju Bíbélì lọ. Inú rẹ̀ ló kọ ẹni tó ń hanrun sí, àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ bá a sùn nínú yàrá kan. Ó ya àwòrán òtẹ́ẹ̀lì, ó ka iye ìṣísẹ̀ tó wà láàrin bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìtọ̀, nítorí Duane, ọ̀kan lára àwa mẹ́rin, tó máa ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru. Lóṣù kejìlá, á tẹ ilé oúnjẹ kan láago ní Arizona láti bi wọ́n bóyá wọ́n á ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Túsìdeè kan lóṣù kejì. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ti mọ ohùn rẹ̀. Ó ní, “A ó ṣí, bàbá. Bíi tọdún tó kọjá náà ni.” Láràárọ̀, kó tó wo bí òtútù ilé ṣe tó, á kọ́kọ́ wo bí oòrùn Arizona ṣe mú tó, á sì kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Marlys ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ òun fi ń gbé ní Arizona, kó tó wá gbéra lọ síbẹ̀ fọ́jọ́ márùn-ún.

A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò: ọkùnrin tí kò mọ gọ́ọ̀fù gbá, tí kò mọ àpárá dá, tí kò lè mu ju ìgò ọtí kan lọ, kí ni wọ́n ń mú un lọ síbi gọ́ọ̀fù fún? Fáìlì yẹn ni àyè rẹ̀ láàrin wa. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ló sì fi ń gbádùn gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò sì sọ ọ́, nítorí a kì í sọ nǹkan ní Nordby.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, wàá kọ̀. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Ìgbà kẹta ni wàá wá mí kanlẹ̀, wàá ní, “Ó dáa, bí kò bá ní ni yín lára.” Ẹni tó bá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀kánjúwà ni. Ẹni tí kò bá fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò fẹ́ kó o gbà tẹ́lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í mú èyí tó kẹ́yìn nínú àwo. Bó bá ku kéèkì kan, ẹnì kan á gé e sí méjì, á mú ìdajì. Ẹlòmíì á gé èyí tó kù sí méjì. Títí yóò fi ku èyí tí èèrà kan lè dá gbé, Marlys á sì gbé e fún ajá.

Lọ́dọọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, yàrá abẹ́lẹ̀ ilé Verlyn la ti máa ń pàdé. A ó mu kọfí, a ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tó bá yá, Verlyn á húkọ́, á ní, “Mò ń rò ó pé bóyá kí ẹlòmíì gba ètò yìí ṣe lọ́dún yìí.” Duane, tó ń ta ọkọ̀ ojú omi, á ní, “Rárá o, Verlyn.” Verlyn á tún un sọ. Èmi Harlan, tí mo ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, màá ní, “Ta ló tún lè ṣe é bíi tìẹ?” Ìgbà kẹta á wá kan Orrin, ẹnì kẹrin wa. Verlyn á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí, á ṣí fáìlì. Bí a ṣe ń dìbò nìyẹn, kò sì sí wàhálà kankan.

Lọ́dún tó kọjá, Orrin kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Oregon, a sì mú Dominic Scarpa dípò rẹ̀. New Jersey ni Dominic ti wá. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù táyà sójú ọ̀nà ńlá, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ó sì mọ gọ́ọ̀fù gbá débi pé inú máa ń bí mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí yàrá abẹ́lẹ̀ náà, kéèkì ku ẹyọ kan nínú àwo. Dominic nawọ́, ó mú un lódindi, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ó ní, “Marlys, kéèkì yìí mà dùn o!” Duane wojú mi, èmi náà wojú Duane. Ó yẹ ká ti mọ̀ nígbà yẹn.

Verlyn húkọ́. “Mò ń rò ó pé bóyá kí ẹlòmíì gba ètò yìí ṣe lọ́dún yìí.”

Kí Duane tó lanu, Dominic ti nawọ́. “Kò burú, ọ̀gá. Èmi á ṣe é. Gbé fáìlì wá.”

A ń gbọ́ bí ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe ń kùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, Verlyn sì ń wo tirẹ̀ nílẹ̀. Kò lè sọ pé òun ò ní in lọ́kàn, ìyẹn á dójú ti Dominic. Àwa náà ò lè sọ fún Dominic pé kò yẹ kó gbà, ìyẹn á dójú ti Verlyn. Nítorí náà, kójú má baà ti ẹnikẹ́ni, a jókòó, wọ́n sì gba nǹkan ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú wa.

“Ó wúwo díẹ̀ o,” ni Verlyn wí. Ó na fáìlì sí i, ṣùgbọ́n kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Wọ́n ní yìnyín á tún bọ́ ní Túsìdeè,” ni Duane wí.

“Àfàìmọ̀ ni kò ní ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan,” ni mo fi kún un.

Oṣù mẹ́ta ni Verlyn fi máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Dominic ṣe é láàrin kí wọ́n tú táyà ọkọ̀ kan kí wọ́n sì dè é padà. Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọ fóònù wa: “Òtẹ́ẹ̀lì ti wà. Bàálù ti wà. Pápá mẹ́rin la ó ti gbá a. Ta ló ń lọ?” Mo kà á tán, mo tún ń wá èyí tó kù. Kò sí ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ níbẹ̀ rárá.

Duane ní òun ń lọ, mo ní èmi náà ń lọ. Verlyn fi wákàtí mẹ́ta ronú kó tó fèsì: “Ẹ má fi tèmi ṣe. Bóyá ẹ máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ.”

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní Nordby mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ kí n wá. Mo ti ń fi ìka kan tí mo mọ̀ ọ́n fi tẹ̀wé tẹ “Rárá o, Verlyn” lọ, nígbà tí èsì Dominic wọlé.

“Ó dùn mí o, ọ̀gá. Ó yé mi. Àbúrò ìyàwó mi á gba àyè ẹ.”

Mo pa ohun tí mò ń tẹ̀ rẹ́. Bí mo bá fi ránṣẹ́, ṣé kì í ṣe pé mò ń lé àbúrò ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni dànù nìyẹn? Bí mo ṣe dá ara mi láre nìyẹn, mo sì jẹun alẹ́ mi tán.

Marlys ló sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

“Pe ọmọkùnrin yẹn, kó o sọ fún un pé o fẹ́ lọ,” ló sọ fọ́kọ rẹ̀.

“Wọ́n ti rí ẹlòmíì.”

“Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n wá ẹlòmíì!”

“Mi ò mọ̀ pé wọ́n á wá a.”

“Verlyn, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.”

“Mi ò dákẹ́. Mo sọ̀rọ̀. Òun ni kò gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà lọ, kò bá wa sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù mọ́. Ṣùgbọ́n Marlys ní ó ṣì ń kọ bí oòrùn Arizona ṣe mú tó sára kàlẹ́ńdà, láràárọ̀, kò fo ọjọ́ kan.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká lọ, Verlyn bá wa ní ṣọ́ọ̀bù Dominic. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán, kò sì jáde. Ó ní, “Mo lè gbé yín dé pápákọ̀ òfurufú, bí kò bá ní ni yín lára.” Èmi àti Duane lanu láti kọ èyí àkọ́kọ́, bó ṣe yẹ. Ó yẹ ká kọ̀ ọ́, kó tún un sọ, ká jọ fà á títí, bóyá nínú fífà yẹn ẹnì kan á wá sọ pé, “Ìwọ náà kúkú bá wa lọ.”

“O ṣeun, ọ̀gá!” ni Dominic wí. “Aago mẹ́fà àárọ̀.”

Òtútù àárọ̀ ọjọ́ yẹn burú débi pé ó ń dunni nínú eyín. Mo fẹ́ ju àpò mi sẹ́yìn ọkọ̀ Verlyn, mo rí búláńkẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀. Mo sún un kí àyè lè gba ẹrù mi. Àpò gọ́ọ̀fù Verlyn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti nu gbogbo igi rẹ̀, wọ́n ń dán, àpótí aṣọ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo rọra fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n padà. Nígbà tí mo gbójú sókè, Verlyn ń wò mí nínú díńgí. Mo pa ẹ̀yìn ọkọ̀ dé, mo wọlé jókòó, a sì gbéra.

Pápákọ̀ ló yẹ kí àbúrò ìyàwó Dominic ti pàdé wa. Bí a ṣe ń kó ẹrù sílẹ̀ ni fóònù Dominic dún. Ó gbọ́ ọ, ó pòṣé, ó tẹ fóònù náà síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá yíjú sí Verlyn.

“Ọ̀gá, ọmọ náà ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, ó ti dá lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ṣófo. Mo ti wò ó, àyè ṣì wà nínú bàálù. Ṣé wàá bá wa lọ?”

Mo rí ojú Verlyn. Ojú ọmọ iléèwé tó ti ń dúró kí wọ́n pe orúkọ òun, tí wọ́n sì wá pè é, lojú náà. Ó lanu. Gbogbo Nordby, àti àwọn baba ńlá wa tó ti Sweden wá, ló bá a fọhùn.

“Rárá o,” ó ní. “Ẹ máa lọ ní tiyín. Mi ò fẹ́ ni yín lára. Mi ò tiẹ̀ múra.”

Dominic wo èmi àti Duane. “Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó fẹ́ lọ ni àbí kò fẹ́?”

“Ọwọ́ ẹ̀ ló kù sí,” ni Duane wí.

Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń so okùn bàtà mi. Bàtà òtútù ni mo wọ̀, kò ní okùn. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá.

“Kò burú,” ni Dominic wí. Ó gbá Verlyn mọ́ra, ó dúpẹ́ pé ó gbé wa wá. Verlyn dúró gbagidi bí òpó títí Dominic fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Verlyn wá bọ̀ wá lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Yàrá tó bá sún mọ́ ilé ìtọ̀, Duane ni kẹ́ ẹ fún o.” Ó wọ ọkọ̀, ó sì wa ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Oòrùn wà ní Arizona lóòótọ́. Nítorí pé a jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ń gbá a ní mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn tó ni pápá fi ọkùnrin ará Iowa kan kún wa, ó sì fi gbogbo ihò méjìdínlógún tí à ń gbá ròyìn bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara mi kò gbà á mọ́. Mo yà sábẹ́ igi kan, mo tẹ ilé Verlyn láago. Marlys ló gbé e.

“Verlyn ń kó yìnyín níta,” ó ní. “Iwájú ilé ẹlòmíì ló wà báyìí. Tiwa ti tán láti àárọ̀.”

“Ṣé ara ẹ̀ le?”

“Ó ní ẹ ní kóun bá yín lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Dominic bi í.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Ọmọ yẹn kì í ṣe ará ibí, mi ò lè bá a wí. Ọjọ́ kẹrin kẹ́ ẹ tó lọ ni Verlyn ti di ẹrù ẹ̀, Harlan. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó nìwọ bi í?”

Dominic ń juwọ́ sí mi láti orí pápá pé ó ti kàn mí.

“Ojú ọjọ́ dára níbí o, Marlys,” ni mo wí. “Oòrùn ń ràn dáadáa.”