Ibi Tí Tíṣà Olúbọ̀dé Ti Ń Gé Ìtàn Ọkọ̀ Òfurufú

Ọgbọ̀n ọdún ni Moses Olúbọ̀dé fi kọ́ àwọn ọmọ Kàbà ní físíìsì, kò sì sí ẹni tó jókòó ní kíláàsì rẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Rejoice ọmọ rẹ̀ ti bímọ sí Kánádà, tó ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ, ìtàn náà ti di pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí Ọmọ́yẹlé ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbéra lọ sí Abúja lọ wọ ọkọ̀ òfurufú, Tíṣà mú ṣíbí tí obìnrin náà fi mu ògì tán.

"Jókòó, kí o wò ó. Bí ọkọ̀ bá gòkè, atẹ́gùn òde kì í tó èèyàn mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn kún inú rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Ó gòkè, ó wú." Ó tẹ ṣíbí. "Ó sọ̀kalẹ̀, ó rọ̀." Ó tẹ̀ ẹ́ padà.

"Mo ti gbọ́."

"O ò tíì gbọ́! Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ kó èrò. Lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn dé, tó yára ju gbogbo wọn lọ. Lọ́dún 1954, méjì fọ́ lójú ọ̀run, wọ́n já sínú òkun. Kí ló fà á? Ó rẹ irin." Ṣíbí ṣẹ́ pàá. Ó jù ú sórí báàgì ìyàwó rẹ̀. "Lọ tú ẹrù rẹ."

"Ṣíbí ìyá mi lẹ ṣẹ́ yẹn, Bàbá Rejoice."

"Ó sàn ju ọrùn rẹ lọ."

Obìnrin náà kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ó jókòó sórí àpótí, inú Tíṣà sì dùn.

Ìgbà náà ni Emmanuel wọlé, ọmọ ìlú Ìyàrà tó fẹ́ fi mọ́tò gbé Ọmọ́yẹlé lọ sí Abúja. Tíṣà ló kọ́ ọ níwèé. Ó kí wọn bí wọ́n ti ń kíni ní agbègbè Kàbà: "Okun o, sà. Okun o, Màmá." Ó rí ṣíbí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Tíṣà, ẹ ṣì ń ṣẹ́ ṣíbí! Ẹ ti dé ibi tánkì omi?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́, Emmanuel."

"Tánkì omi wo?" Ọmọ́yẹlé bi í.

"Màmá, ibẹ̀ ló dùn jù! Wọ́n gbé odindi ọkọ̀ sínú tánkì, wọ́n ń fi omi wú u, wọ́n ń jẹ́ kó rọ̀, títí ó fi ya. Wọ́n wá rí i pé igun fèrèsé àti ihò ara rẹ̀ ló ti ń sán. Wọ́n ṣe òmíràn tó nípọn, wọ́n sọ fèrèsé di róbótó. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kọ́gbọ́n níbẹ̀."

Ọmọ́yẹlé dìde. "Ẹ mọ ìparí rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ sọ ọ́ fún. Èmi aya yín, ibi tí wọ́n ti já sókun lẹ gé e fún mi."

"Ta ni yóò máa gúnyán fún mi?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Tíṣà kó tó mọ̀.

"Odó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ gbé ọmọ odó: ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀." Ó ṣa ẹ̀là ṣíbí méjèèjì sínú báàgì. "Rejoice á rí èyí."

Tíṣà sáré tẹ̀ lé e dé ojúde. Ó fẹ́ sọ pé kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Dá ṣíbí yẹn padà!"

Mọ́tò ti ṣí.