Ìdajì Máàkì ní Ọjọ́ Jímọ̀

Ní ilé-kéwú tí mo ti kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní ní Kétu, ọmọ kì í yan ibi tí yóò jókòó. Bàbá mi ni ààfáà tó ń kọ́ wa. Bí ó bá rí i pé o ti mọ súrà tó wà níwájú rẹ, á fi ọ̀pá kékeré ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ẹní tó kàn, wàá sì dìde lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé àti Lárúbáwá tí àwọn mùsùlùmí ìlú wa dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúkọ wa ni wọ́n máa ń pè, a ó sì wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn olùkọ́ yẹn, nítorí ohun tí mo mọ̀ lónìí, ọwọ́ wọn ni mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ mi pé ibì kan wà láyé tí ènìyàn ti máa ń fúnra rẹ̀ wá àyè tí yóò jókòó, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo lọ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kútọnu. Ní òwúrọ̀, gbogbo àwa ọmọ ọdún kìíní máa ń kún gbọ̀ngàn ńlá, àwọn tí kò rí bẹ́ǹṣì á dúró ti fèrèsé. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, àwa á máa kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní tépé, kíláàsì kékeré tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa so wáyà, tí a ti ń fi ẹ̀rọ wọn agbára iná. Tábìlì inú yàrá tépé kò pọ̀, nítorí náà wọ́n pín wa sí ìsọ̀rí láàárín ọ̀sẹ̀, oníkálukú ló sì gbọ́dọ̀ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sí èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí kò bá ní tépé kò lè ṣe ìdánwò. Ẹni tí kò bá sì ṣe ìdánwò, ọdún rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Mi ò mọ̀. Mo ń retí kí wọ́n pe orúkọ mi. Bí àwọn kan bá dìde lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní àwọn ń lọ sí tépé, mo rò pé wọ́n ti pè wọ́n ni, pé yóò kàn mí láìpẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bi ọmọkùnrin tó jókòó tì mí léèrè ìgbà tí wọn yóò pe àwa tó kù. Ó wò mí, ó fi ìwé bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

Ó ní, “Ta ló máa pè ẹ́? Ìyá ẹ?”

Síbẹ̀ òun náà ló mú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà bùró akọ̀wé, níbi tí wọ́n lẹ àwọn ìsọ̀rí náà mọ́ ògiri. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Akọ̀wé jẹ́ obìnrin Fọ̀n kan tí gbogbo wa ń pè ní Tantí. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní apá ọ̀dọ̀ wa, ó sì gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa, dáadáa. Ó sọ fún mi pé àyè kan ṣoṣo ló kù, ní ọjọ́ Jímọ̀, aago kan sí aago mẹ́ta. Àkókò tí àwọn ènìyàn máa ń lọ jẹun ni wọ́n fi í sí, torí pé ẹ̀rọ kò tó.

Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo ti jáde tán kí n tó dúró lábẹ́ òòrùn, tí mo sì rò ó dáadáa: aago kan sí aago mẹ́ta ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìrun Jímọ̀ wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń dá àlùwàlá ṣe, mi ò pa á jẹ rí, àfi ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé. Aṣọ àlòkù ló ń tà ní ọjà Missèbo. Mo bá a níbi tó ti ń tú báálì tuntun, mo sì kó ẹjọ́ mi fún un. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó ní ṣé Ọlọ́run tó mú mi wá sí Kútọnu kò mọ aago ni. Ó gbọn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó wo kọ́là rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá sọ fún mi pé nínú ọjà, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kò bá rọ̀ lọ́rùn kì í sunkún. Ṣe ló máa ń wá ẹlòmíì tí tiẹ̀ kò rọ òun náà lọ́rùn, wọ́n á sì ṣe pàṣípààrọ̀. Bí ẹnì kan bá ń kó ẹrù jáde, ẹnì kejì á máa kó tiẹ̀ wọlé. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọgbọ́n, ọgbọ́n náà sì ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nínú gbọ̀ngàn. Ọmọbìnrin kan láti Àjàṣẹ́ ló dá mi lóhùn. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn. Tépé tiẹ̀ bọ́ sí ọ̀sán Ọjọ́rú, wákàtí ìsìn àánú wọn gan-an. Wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, torí pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ orin wọn, àmọ́ ohùn Gún, èdè ilé wọn, kò kúrò nínú rẹ̀.

Ó ní, “Ààfáà, ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ gba Ọjọ́rú mi?”

Mo ní, “Bí ẹ bá gba Jímọ̀ mi, Wòlíì.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìjọ òun kò tí ì gbé òun dé ipò wòlíì, àmọ́ tó bá jẹ́ pé Jímọ̀ nìkan ni, òun ti gbà.

Bí a ṣe jọ lọ sọ́dọ̀ Tantí nìyẹn, ayọ̀ wà lójú wa. Tantí ní ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wọn kì í pààrọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbì kan gbọ́dọ̀ fa igi lé orúkọ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ọ́ síbòmíràn. A rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Mo fa igi lé tèmi, òun náà fa igi lé tiẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí Jímọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti kọ tèmi sí Ọjọ́rú, Tantí gbé ọwọ́ lé ìwé náà. Ọmọkùnrin kan wà lábẹ́ fèrèsé tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gba àyè tó kù, ojoojúmọ́ ló ń wá wo bóyá àyè á ṣí. Òun ni Tantí pè.

Tantí ní, “Ó ti wà níbí kí ẹ̀yin méjèèjì tó dé. Ṣé kí n fojú fò ó ni?”

Mi ò lè sọ pé kí ó fojú fò ó. Ọmọkùnrin náà kọ orúkọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde láìwo ojú mi. Ọjọ́rú ti kún. Jímọ̀ náà ti kún, torí pé àyè mi ló ṣẹ́kù níbẹ̀, ọmọbìnrin yìí sì ti gbà á. Mo wá di ẹni tí kò ní ibì kankan. Ọmọbìnrin náà dúró, bírò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé báyìí ló máa rí. Mo yára jáde. Bí mo bá lanu, ẹkún ló máa jáde.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ń kírun, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni mò ń bẹ Ọlọ́run. Mi ò tilẹ̀ mọ ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ó gbà. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ọmọbìnrin náà wá mi kàn nínú gbọ̀ngàn. Ó ti lọ bá olùkọ́ tépé fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ náà ní kí n wá sí tábìlì ọmọbìnrin náà, bí mo bá lè wà lórí ìdúró, torí kò sí ìjókòó, òun á sì kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ní Alihamdulilahi, ó sì ti ọkàn mi wá. Ṣùgbọ́n aago kan sí aago mẹ́ta náà ni.

Mo lọ. Mọ́ṣáláṣí kan wà lẹ́yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì lágbára. Bí mo ṣe ń so wáyà ni mò ń gbọ́ wáàsí ìmáámù ní èdè Fọ̀n àti ní Yorùbá, mo gbọ́ tí wọ́n pe ìkámọ̀ kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ “àmín” tí gbogbo ìjọ ṣe pọ̀. Ọwọ́ mi wà lára irin.

Ọmọbìnrin náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ààfáà, ọkàn ẹ kò sí níbí o. Iná máa gbé ẹ.”

Bí Jímọ̀ kejì ṣe lọ nìyẹn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, mo pe bàbá mi. Mi ò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ń retí kí wọ́n pè mí títí dé orí tábìlì. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ kéwú lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ò ń jẹun?”

Mo ní mò ń jẹun.

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí ó di ẹ̀ẹ̀mẹta.”

“Bàbá, bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?”

“Kí o máa bọ̀ nílé. Ta ló lé ẹ nílé?”

Kò bínú. Ì bá sàn fún mi kí ó bínú. Gbogbo ohun tí òun àti ìyá mi ti ṣe kí n tó dé Kútọnu ló wà nínú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn, ó sì ti ṣetán láti pàdánù rẹ̀.

Ní Jímọ̀ kẹta, mo lọ bá olùkọ́ tépé kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé fún un pé mo fẹ́ lọ kírun kí n sì padà wá. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí n lọ, gbogbo wọn pátá ló máa rí ibi tí wọ́n máa lọ. Ó ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí, àmọ́ kí n má rò pé ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ dè mí. Mo wo tábìlì. Ọmọbìnrin náà ń yọ wáyà kúrò nínú àpótí, kò gbé ojú sókè. Mo jáde.

Mo ṣe àlùwàlá, mo rí àyè ní ìta lórí ẹní tí bàbá àgbà kan sún fún mi. Kí n má parọ́, mi ò gbọ́ ìdajì wáàsí náà. Ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń rí. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, ilẹ̀kùn ni mò ń rí. Bí ìmáámù ṣe sálámà tán, mi ò dúró ṣe àdúrà kankan. Mo gbé bàtà, mo sáré.

Mo kanlẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀. Olùkọ́ ló ṣí i, ó dí ẹnu ọ̀nà, ó sì wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún iyanrìn.

Ó ní, “Ìdajì iṣẹ́, ìdajì máàkì. Títí ọdún á fi parí. Ṣé o gbà?”

Mo ní, “Mo gbà, Mèsíé.”

Ọmọbìnrin náà ti parí tiẹ̀, ó sì ti tú gbogbo wáyà sílẹ̀ padà kí èmi náà lè fi ọwọ́ ara mi so ó. Ó sún ìjókòó rẹ̀ kúrò lọ́nà. Mo bẹ̀rẹ̀.

Bí ó ṣe rí ní gbogbo Jímọ̀ nìyẹn. Ìdajì yẹn ló fà á tí máàkì mi kò fi pé nígbà tí èsì jáde. Mo tún ìdánwò náà ṣe nígbà òjò, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sílé wọn, Ọlọ́run sì kó mi yọ. Mi ò sọ èyí fún bàbá mi rí. Mo dúpẹ́, mo sì tún ń dúpẹ́, lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ọmọbìnrin ìjọ aláṣọ funfun náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí láàmú títí di òní ni àwọn ìrun tí mo fi eré wọ̀ tí mo sì fi eré jáde nínú wọn ní ọdún yẹn. Olùkọ́ sọ iye tí òun gbà nínú iṣẹ́ mi fún mi. Èyí tí Ọlọ́run gbà nínú ìrun mi, kò tí ì sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi.