Òrùka Orí Òwú Dúdú

Ìyá Olórùka ni àwọn mẹkáníìkì ń pè mí ní Malu Road. Kì í ṣe òrùka wúrà o. Òrùka rọ́bà ni mò ń tà, èyí tí wọ́n ń fi sínú jáàkì àti bíréèkì tírélà kí ọ́ìlì má bàa jò. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Mi ò kàwé débi kan. Ṣùgbọ́n bí o bá fi òrùka lé mi lọ́wọ́, tí mo di ojú, tí mo fi ìka méjì fà á yí ká, màá sọ fún ọ bóyá ó ti sán.

Ọkọ mi olóògbé ló kọ́ mi. Òun ló ní kí n máa so òrùka tuntun mọ́ òwú funfun, kí n so èyí tí a sọ jí mọ́ òwú dúdú. Bí a ṣe ń sọ ọ́ jí kò le. A ó rẹ ògbólógbòó òrùka sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì. Rọ́bà á mu ún, á wú, á rọ̀, á máa dán bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe é. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ẹni tó ń rà á náà mọ̀. Awakọ̀ tó ti tò sẹ́yìn èbúté Tin Can láti ọjọ́ mẹ́rin kò fẹ́ ju kí ọkọ̀ rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Èyí tó kù dọwọ́ Ọlọ́run.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí àkọ́bí mi bí, ló ń bá mi gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjínníà ní yunifásítì, ọdún tó máa fi jáde nìyí. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan, ó wá bá mi ní ìsọ̀, ó tú gèlè kan, ó yọ ọ̀pá irin kan jáde, irin fífúyẹ́ aláwọ̀ fàdákà, kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ.

Mo ní, "Kí nìyí?"

"Ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ni, Màmá."

"Èyí tí wọ́n fi ń jagun?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kékeré ni. Á fò lọ sókè, á ṣí ohun tó dà bí agboòrùn, á sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìyẹn gan-an kò tíì kàn. Ọjọ́ Àìkú a máa kọ́kọ́ dè é mọ́lẹ̀, ká fi iná sí i, ká wo bó ṣe ń ṣe."

Ó ṣàlàyé fún mi. Ìdérí wà ní orí àti ìdí rẹ̀, yíyí ni wọ́n ń yí i mọ́ ọn. Ihò kan wà ní ìdí tí iná ń gbà jáde. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jó tán, wọn á fọ ọ̀pá náà, wọn á ki tuntun sí i, wọn á tún un lò, bí ìgbà tí èèyàn ń rọ gáàsì sínú sílíńdà. Àmọ́ òrùka rọ́bà méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí, ni kò jẹ́ kí iná gba ibi tí a kò rán an lọ. Bí ọ̀kan bá já kulẹ̀, iná á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ọ̀pá lè bẹ́, ìdérí lè fò bí ọta ìbọn.

Mo ní, "Ohun tí mò ń tà lẹ fi ń dá iná dúró?"

"Òun gan-an ni." Ó rẹ́rìn-ín.

Òrùka àtijọ́ kan ṣì wà lára ìdérí. Ó fẹ́ fi ẹnu súkúdíráfà yọ ọ́, mo gbá a lọ́wọ́.

"Pákò la fi ń yọ òrùka. Irin á ha irin. Ibi tó bá ha ni yóò máa jò, òrùka yòówù kí o fi sí i."

Mo gé orí pákò tuntun kan ṣóńṣó, mo yọ òrùka náà fún un. Ó ní lẹ́kíṣọ̀ àwọn, olùkọ́ wọn ní yunifásítì, náà sọ bẹ́ẹ̀, pé igi ìtayín ló ní kí àwọn máa lò.

Mo ní, "Kí ó wá san owó mi, èmi náà lẹ́kíṣọ̀ ni."

Ohun tó gbé e wá nìyí. Àwọn òrùka tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fi ránṣẹ́ ti wà ní èbúté fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò tíì gbà á jáde. Méjì ló kù sọ́wọ́ wọn, ó sì ti fi èékánná gé ọ̀kan níbi tó ti ń fi í sí i. Bí wọn kò bá dán an wò lọ́jọ́ Àìkú, kò ní rí àbájáde fi sínú ìwé tó máa fi jáde. Ó ní kí n bá òun wá èyí tó jọ ọ́.

Òjò ti wọ àtíbàbà mi lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn òwú já, mo gbá gbogbo òrùka jọ sínú agolo mílíìkì kan. Orúnkún ń ro mí, oorun ń kùn mí. Mi ò di ojú, mi ò fi ìka yí ohunkóhun ká. Mo wo ìwọ̀n rẹ̀, mo sì mú èyí tó ń dán jù lọ fún un. Ó dì mọ́ mi, ó lọ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Àìkú, mo da agolo náà sórí ẹní kí n tún un so. Àwọn tó ń dán lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ti gbẹ. Wọ́n ti súnkì, wọ́n le bí èèpo ọsàn tó ti pẹ́ lóòrùn. Mo tẹ ọ̀kan, ó la ẹnu wẹ́wẹ́ káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí pé tuntun kì í dán tó èyí tí a rẹ sí kẹrosíìnì. Ọ̀kan nínú irú wọn ni mo fi lé ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́.

Mo pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Ó ti sọ fún mi pé pípa ni wọ́n ń pa gbogbo fóònù níbẹ̀, nítorí wáyà tó ń tan iná náà, kí ó má bàa ràn lójijì. Kò sí ẹni tí mo lè rán. Mo mú òrùka tuntun kan tí mi ò tíì yọ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, mo mú pákò, mo jáde.

Ọgbà kọ̀ǹténà kan tó ṣófo ni wọ́n yá wọn, lẹ́yìn Àpápá GRA. Kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ibi tí tírélà ti dí ọ̀nà pa, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó lórí táyà ẹlẹ́táyà.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wò mí. "Mama, dem no dey buy anything for here."

Mo ní, "Mi ò wá tajà. Mo wá gba èyí tí mo ti fún wọn padà."

Wọ́n ti fi ìrépé irin de ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, wọ́n kó àpò iyanrìn yí i ká, gbogbo wọn wà lẹ́yìn kọ̀ǹténà. Ọmọ ọmọ mi ló di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí iná ràn mú. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní òrùka tí mo fún un kì í ṣe tuntun, mo ní a rẹ ẹ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Ah. Mama don give us tòkunbọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́kíṣọ̀ wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan, yọ wáyà, ó fi kọ́kọ́rọ́ ohun títẹ̀ náà sí àpò, ó ní kí a dúró díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìdérí. Mo fi pákò yọ òrùka mi, mo tẹ̀ ẹ́ níwájú wọn. Ó la ẹnu.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́kíṣọ̀ yíjú sí ọmọ ọmọ mi. "O sọ fún mi pé ara àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni."

Ó wo ilẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó purọ́ títí di ìgbà yẹn.

Mo na èyí tó wà nínú ọ̀rá sí i. Ọkùnrin náà gbà á, ó wò ó, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Àmọ́ rọ́bà jáàkì, ọ́ìlì ló mọ̀. Kò mọ iná." Mi ò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́.

Èmi àti ọmọ ọmọ mi rìn padà dé ibi àwọn táyà yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká jókòó.

Ó ní, "Màmá, àwọn tẹ́ ẹ ti tà ńkọ́? Àwọn tó wà lábẹ́ tírélà?"

Mo sọ fún un nípa mẹkáníìkì kan tí jáàkì rọ̀ lé lẹ́sẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ń tiro títí dòní. Ojoojúmọ́ ló ń kí mi. Orí òwú dúdú ló ti ra òrùka jáàkì yẹn.

"Ó mọ ohun tó rà," ni mo wí.

"Ṣé ẹ sọ fún un pé ó máa gbẹ, pé ó máa sán?"

Mo ní, "Ó rẹ̀ mí. Fà mí dìde."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba àwọn òrùka gidi jáde ní èbúté. Lẹ́kíṣọ̀ náà ti bá ọmọ ọmọ mi wí, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àsìkò rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn kọ̀ǹténà lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, mo fi ìka di etí. Ọ̀pá náà bú ramúramù, kò ju kí èèyàn mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ó tán. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ti tutù, ọmọ ọmọ mi gbé ọ̀pá náà wá bá mi pẹ̀lú pákò. Mo yọ òrùka, mo di ojú, mo fi ìka méjì fà á yí ká. Èéfín ti sọ ọ́ dúdú, ṣùgbọ́n ó pé.

Mo ní, "Ó dá iná dúró. Sọ ọ́ nù."

"Mo mọ̀, Màmá."

Òwú funfun nìkan ló kù ní àtíbàbà mi báyìí. Láàárọ̀ àná, mẹkáníìkì tó ń tiro yẹn wá.

"Ìyá Olórùka, ẹ kú ìjókòó o. Dúdú ńkọ́?"

Mo ní, "Mi ò tà á mọ́. Kẹrosíìnì ló ń mú un wú. Bó bá ti gbẹ, sísán ló ń sán. Òun ló jẹ́ kí jáàkì rọ̀ lé ọ lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ."

Ó béèrè iye tí funfun jẹ́, mo sọ ọ́, ó mi orí. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì kọjá sọ́dọ̀ obìnrin tó ṣì ń ta ti dúdú ní òdìkejì títì. Tírélà méjì dúró dè é kó tó tiro kọjá tán.