Eyín Òòyà Lára Ògiri Ilé Ẹ̀kọ́ Dókítà

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ló dá mi dúró ní Ìsọlọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń tún ilé ẹ̀kọ́ dókítà àtijọ́ ṣe, wọ́n sì ti ha sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó bo ògiri rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá níbẹ̀, ilé ọ̀hún lè má jẹ́ nǹkan kan lójú yín. Lójú tiwa, ààfin ni: òpó mẹ́jọ níwájú, fèrèsé gíga tí atẹ́gùn ń gbà wọlé fàlàlà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá tó máa ń tutù lẹ́sẹ̀ àwa ọmọdé tí wọ́n ń lé kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ará àdúgbò ló pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Olówó mówó wá, wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ wọn sára òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ò lówó mọ búlọ́ọ̀kù. Ìyá àgbà mi, tó ń ta ọṣẹ dúdú, mọ ogún. Èmi ni mo ń pọn omi. Kí búlọ́ọ̀kù náà tó gbẹ, Ìyá àgbà mú òòyà rẹ̀, ó tẹ eyín òòyà ọ̀hún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Kí ayé lè mọ̀ pé ọwọ́ mi wà ńbẹ̀." Àṣé kò rò ó pé wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri, tí yóò bo ojú búlọ́ọ̀kù.

Lọ́jọ́ tí bíríkìlà dé, Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ, ó fẹ̀yìn ti búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó ní òun ò dìde. Bíríkìlà bẹ̀ ẹ́ títí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ dókítà ò gbọdọ̀ wà níhòòhò." Ó ní, "Lọ bo ti ẹlòmíì." Ni ọkùnrin náà bá ń rẹ́ ògiri yí i ká, títí sìmẹ́ńtì fi ń ta sí gèlè rẹ̀. Nígbà tó di Alásárì, Ìyá àgbà sáré lọ kírun. Kó tó padà dé, ògiri ti dán.

Ó dùn ún wọra. Títí tó fi kú, kò gba ibẹ̀ kọjá kó má fọwọ́ pa ògiri náà.

Ibẹ̀ ni mo lọ tààrà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òjò ti fọ orúkọ àwọn olówó lára òkúta, ṣùgbọ́n eyín òòyà Ìyá àgbà ṣì wà níbẹ̀, kò yingin. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

Bíríkìlà kan, ọmọ kékeré, ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ rẹ́ ibẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Bá mi wá àga. Mo ti kírun Alásárì kí n tó kúrò nílé."