Àlejò Tó Gbọ́ràn Jù

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí àwọn tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ́ mi ní ìwé nígbà tí agbára ilé wa kò ká a, tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi bọ́ mi títí dòní. Mo tún dúpẹ́ pé ó fún mi ní ẹ̀rín, nítorí nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò fi ṣe èrè.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà nínú ilé mi ní Bódìjà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin ará Họ́láńdì kan tó wá ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́. Ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń ṣe ohun gbogbo: must. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni èdè àwọn ṣe rí, pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn fi ń pàṣẹ, òun náà ni àwọn fi ń gbani nímọ̀ràn, òun náà ni àwọn sì fi ń pe èèyàn wá mu tíì. Ó sọ fún ìyá kan tó ń ta tòmátò lọ́jà Bódìjà pé ó gbọ́dọ̀ wá kí òun nílé. Ìyá náà bi mí bóyá ọlọ́pàá ni.

Mo jókòó tì í. Mo ṣàlàyé pé should ni ti ìmọ̀ràn, bí ìgbà tí a bá sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá pé ó yẹ kó lọ rí dókítà. Have to ni ti ohun tí òfin tàbí iṣẹ́ bá sọ di dandan. Must not ní tirẹ̀, èèwọ̀ ni. Mo ní tí àgbàlagbà bá sọ ọ́ fún un nílẹ̀ yìí, kó má bá a jiyàn. Ó mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì di ẹ̀kọ́ náà mú ṣinṣin.

Kò pẹ́ sígbà náà ló sọ fún mi pé òun ti rí ọmọbìnrin kan tí òun fẹ́ fi ṣaya, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Jẹ́ríkò. Àṣé ọmọ alàgbà kan nínú ìjọ wa ni, ìjọ aláṣọ funfun. Bàbá náà ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì tíì gbà. Ó ní kí ọkùnrin náà wá, kí òun lè fojú ara òun rí i. Ohun tí òun bá rí lọ́jọ́ náà ni òun yóò fi dá ọmọ òun lóhùn. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la lọ sílé wọn ní àdúgbò Challenge. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí mo ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ga débi pé orí rẹ̀ wà ní pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta. A jẹun. Bàbá bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bi í nípa àwọn òbí rẹ̀. A kò rí nǹkan kan kà lójú Bàbá. Ọmọbìnrin náà dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, a kàn ń rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò lè dúró sójú kan.

Nígbà tó ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ mi dìde, ó ní ó yẹ kí òun máa lọ. Should ló lò, inú mi sì dùn. Bàbá fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn bí gbogbo wa ṣe ń dá àlejò lóhùn: "You must not go now. Sit down."

Ó jókòó.

Gbogbo wa wò ó. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é. Tí àlejò bá ní òun ń lọ, onílé á ní kò tíì yá, àlejò á ní ọ̀nà jìn, onílé á ní kí ló ń lé e, wọn á sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi dé ẹnu géètì. Kò sẹ́ni tó ń padà jókòó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àlejò tí a bá ní kó má lọ, a ò lè máa wò ó lásán. Màmá, ìyàwó Bàbá, gbé mọ́ínmọ́ín wá. Àlejò jẹ ẹ́ tán, ó dìde. Bàbá kò lè ṣe bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ó tún ní kó ṣì jókòó. Ó tún jókòó. Màmá lọ gbé ẹja díndín tó fi pamọ́ de ọjọ́ Ajé. Bàbá ń wo aago, torí òun ló ń ṣáájú ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́. Mo ṣẹ́jú sí akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo tún ṣẹ́jú sí i. Ó fi àánú wò mí, ó ní, "Mà, you should see a doctor about that eye." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

Bàbá wọ yàrá, ó gbé sùtánà funfun rẹ̀ wọ̀, ó sì jáde wá dúró láàárín pálọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí. Àlejò tó lé onílé jáde nínú ilé rẹ̀, ta ló máa fọmọ fún un? Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rọra bi Bàbá bóyá kí òun jókòó dè wọ́n títí wọn yóò fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹja sì ti kún un dé ọ̀fun. Torí pé Bàbá ní kó jókòó nìkan ni kò ṣe tíì lọ.

Ó jọ pé Bàbá náà rí i bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, gbogbo ọmọ tí mo bí yìí, kò sí èyí tí mo ní kó jókòó tó jókòó rí. Ní kó dìde, ká jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó sì pe ìyá àti bàbá ẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀."

Ikọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì dáwọ́ dúró.

Màmá tó ń kó àwo ló sọ̀rọ̀. "Tí àwọn náà bá máa ń jókòó báyìí ńkọ́?"

Bàbá rò ó díẹ̀. "Tíṣà, kí wọ́n tó dé, o máa kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sílé."

Mo kọ́ wọn. Wọ́n wá, wọ́n tọrọ ọmọ, a fi fún wọn, wọ́n sì lọ sílé, ògo ni fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀, ilé tí ẹ bá wọ̀, kí àwọn onílé má fẹ́ kí ẹ lọ. Kí àlejò rere má wọ́n lọ́dọ̀ yín, kí ẹja yín sì tó ẹ̀yin àti àwọn jẹ. Àmín.