Bàbá Ta-Ló-Sọ àti Ẹnìkejì

Ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Akọ̀ròyìn àti Olùkọ́ Wọn fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Bàbá Ta-Ló-Sọ lọ́lá ni Bàbá fúnra rẹ̀ da ìpàdé rú. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìwé ìròyìn ilé ìwé ti wá láti gbogbo ìpínlẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ń tọ́ wọn sọ́nà sì jókòó tì wọ́n. Ààrẹ ẹgbẹ́ ń ka oríyìn lọ ní tirẹ̀, àfi bó ṣe dé ibi tó ti ní, "Láti ìgbà tí Bàbá ti ń kọ ìròyìn, wọn ò ṣì í kọ rí." Ni Bàbá bá dìde lórí àga ọlá.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ààrẹ tún ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò. "Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

"Gbogbo wa ò lórúkọ. Mo ní ta ló sọ ọ́?"

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ìyá, ló dáhùn láti ìlà iwájú. "Irọ́ ni o. Ó ti ṣì í kọ rí. Nígbà tí a ṣègbéyàwó, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ló kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín bú ní gbọ̀ngàn. Bàbá dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "Ẹnì kan nìyẹn. Ẹnìkejì dà?"

Òfin rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan sọ ọ́, àhesọ ni. Ẹni méjì tó fojú rí i sọ ọ́, ìròyìn ni. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, torí ó ní ọmọ tó bá mọ ìbéèrè í bi láti kékeré, wọn ò ní rí i purọ́ fún tó bá dàgbà. Ọlọ́run ò fún òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́mọ. Ó wá sọ ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ di tirẹ̀, ó sì ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu dọ́gbadọ́gba.

Nílé pàápàá, ìyàwó rẹ̀ ò rójú. Bó bá ní iyọ̀ ọbẹ̀ tó, Bàbá á bu díẹ̀ sínú àwo, ó di ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Àpọ́n ni aládùúgbò yìí, kò sì mọ oúnjẹ í sè. Á tọ́ ọ wò, á wo ojú ọ̀run, á ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i wá kí ọ̀rọ̀ náà lè dá òun lójú.

Ohun mìíràn tí Bàbá kò lè gbà ni kí wọ́n máa bo ikú lójú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé àgbà kan ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run, Bàbá á bi í pé ta ló gbọ́ ìpè náà. Bó bá kọ ọ́ pé ó ti papò dà, Bàbá á ní, "Ó papò dà lọ síbo? Ṣé o ti débẹ̀ wò ni? Ẹni tó bá lọ lè padà. Ẹni tó bá kú, ẹ ní ó kú."

Bí olùkọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà ṣe mọ Bàbá nìyí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, wọ́n sì fi ìwé ìròyìn ilé ìwé sí i lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ pé aláǹgbá kú sínú táǹkì omi ilé ìwé, kò sì sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Inú bí ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ìwé ìròyìn ti kógbá wọlé, Tíṣà náà sì lè máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Tòun ti ẹkún ni Tíṣà fi pe ẹgbẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, agboòrùn lábíyá, ó sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ tààrà.

"Ọ̀gá, ta ló sọ pé àwọn ọmọ yìí purọ́?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹnìkejì dà?"

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe igbákejì rẹ̀. Igbákejì wo àjà, ó wo bàtà rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Láti ilé ni mo ti ń gbé omi tèmi wá."

Bàbá ò tíì ṣe tán. Ó kọjú sí àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tó rí aláǹgbá nawọ́. Gbogbo wọn nawọ́. Ló bá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀ kí kálukú wá sọ àwọ̀ aláǹgbá. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn fi máa sọ tirẹ̀ tán, ọ̀gá ti ní kí wọ́n lọ fọ táǹkì. Ìwé ìròyìn ò kógbá wọlé mọ́, Tíṣà náà sì tú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń lọ, ó ní, "Má sunkún lórí fóònù mọ́. Ẹkún ò ṣe é kọ sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ò ti fi í sílẹ̀ mọ́. Ó di akọ̀wé ẹgbẹ́. Òun náà ló gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn nígbà tí àárẹ̀ dé.

"Bàbá, ó ti rẹ ọkàn yín gan-an," ni dókítà wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ló fi hàn, sà."

"Ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn. Ẹ pe ẹlòmíì wá."

Dókítà kejì wá, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó sọ ohun kan náà. Bàbá mi orí. "Ó ti di ìròyìn nìyẹn," ó ní, ó sì ní kí ìyàwó òun sún mọ́ òun. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, Tíṣà di tòsì mú. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá.

Lẹ́yìn èyí ni wàhálà dé. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ fẹ́ jáde, olóòtú rẹ̀ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó wá bá Tíṣà ní ọ́fíìsì.

"Àǹtí, Ìyá ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ku ẹnìkejì. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

"Lọ bi dókítà."

"Dókítà ò sí nínú yàrá, mà. Ẹni tó fojú rí i ni Bàbá wí."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àga tó ti wà létòlétò. Ó ti dá gbogbo ẹni tó kí i kú ará fẹ́ra kù lóhùn pé ẹ ṣé, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí òun ò bá tíì sọ ọ́, ẹnì kan péré ló sọ ọ́, àhesọ ni. Bẹ́ẹ̀, bí òun ò bá sọ ọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ á jáde lófìfo, torí àwọn ọmọ ò ní rú òfin Bàbá lórí ikú Bàbá.

Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó kàn dì í lọ́wọ́ mú, ó di ilé Ìyá.

Wọ́n bá aládùúgbò ní pálọ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó ní òun wá wò ó bóyá iyọ̀ tó. Ìyá ní kí Tíṣà jókòó ti òun.

"Wọ́n ní o ò fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ìyá, Bàbá ti lọ," ni Tíṣà wí wúyẹ́wúyẹ́.

Olóòtú gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Ẹ dákun, Àǹtí. Ẹni tó bá lọ lè padà."

Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ran Tíṣà náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún lójú wọn, aládùúgbò sì gbé àwo sílẹ̀. Ìgbà tí ohùn Tíṣà padà dé, ó ní, "Bàbá kú. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi."

Ọmọ náà kọ ọ́. "Kí ni kí n pè yín níbẹ̀, Àǹtí? Ṣé akọ̀wé ẹgbẹ́?"

"Kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ ni," ni Ìyá wí.

Ọmọbìnrin náà wo Ìyá, ó wo Tíṣà. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló mọ̀ pé Bàbá ò bímọ. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá ló ti kọ́ṣẹ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó ti ìdí táǹkì yẹn dé. Èmi náà ń sọ ọ́ fún ọ báyìí." Ìyá fa Tíṣà mọ́ra. "Ẹni méjì nìyẹn. Máa kọ ọ́ lọ."