Ẹ̀kán Omi Tí Mo Fi Ife Dé

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún kọjá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí mo gbé ojú lé awò ńlá tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, tí mo sì lọgun. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wọlé tòun ti kóńdó. "Kai! Ṣé ejò ni?" Mo ní kì í ṣe ejò, pé wọ́n tò ni, wọ́n tò! Ó wo orí tábìlì, kò rí nǹkan kan, ó mi orí, ó sì padà síta.

Agùnbánirọ̀ ni mí, ní láàbù ìwádìí kékeré kan ní Garki. Èmi àti agùnbánirọ̀ kejì, ọmọkùnrin kan láti Kàbà, la jọ wà lábẹ́ ọ̀gá wa obìnrin. Oṣù méjì péré ló kù kí a sin ìlú tán, ọ̀gá sì ti sọ ọ́ kedere pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa méjèèjì lòun ní àyè fún láti gbà síṣẹ́. Mo fẹ́ àyè náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń dìde dúró bí mo bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ọ̀gá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti sọ. Àwọn ọ̀pá oníhò kan wà tí a fi èròjà inú èédú ṣe, tí wọ́n kéré débi pé bí ẹgbẹ̀rún nínú wọn bá dì pọ̀, wọn kò ní nípọn tó ẹyọ irun orí kan. A ó pò wọ́n mọ́ omi, a ó kán omi náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ti rí bí tíì tó dà sórí tábìlì ṣe ń gbẹ: ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í dúró láàrin, etí ló máa ń lọ, á wá fi òrùka sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣe ń gbé àwọn ọ̀pá wa lọ sí etí bó ṣe ń gbẹ. Ohun tí ọ̀gá ń wá ni pé kí wọ́n to ara wọn níbẹ̀, kí wọ́n sùn ti ara wọn bí igi gẹdú lẹ́yìn ọkọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ńṣe ni wọ́n ń ṣùjọ bíi pàǹtírí. Àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Ọ̀gá wò ó, ó tún un wò, ó pàtẹ́wọ́. "Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é náà ni, mà."

Irọ́ ni. Ohun tí ọ̀gá ní kí a ṣe ni pé kí a fi ẹ̀kán omi sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Kado ni mò ń gbé; lásìkò ọyẹ́, kò sí ohun tó lómi nínú tí a kì í dé nílé wọn. Àǹtí mi á ní ẹni tó bu omi tí a kò dé, erùpẹ̀ ló bù mu. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe fẹ́ máa lọ sílé, tí eruku ń gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ mi mú ife oníke mẹ́ta, ó fi dé àwọn ẹ̀kán omi mi. Kò bi mí léèrè. Mo ṣí wọn láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ọ̀gá ní kí ọmọ Kàbà ṣe tirẹ̀. Ó ṣe é lọ́jọ́rú, ó di pàǹtírí. Ó ṣe é lọ́jọ́bọ̀, pàǹtírí náà ni. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ni ọ̀gá wí, "ṣé ọwọ́ tí o fi ń gún iyán lo fi ń kán omi ni?" A rẹ́rìn-ín, ọmọ Kàbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun ọ̀sán. Ó wá jókòó tì mí. "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

Mo ní bóyá kó máa rọra. Ojú tì mí. Kì í ṣe ìtìjú nìkan, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ayọ̀ kékeré kan sì tún wà níbẹ̀, ayọ̀ pé àyè náà ti fẹ́ jẹ́ tèmi. Ayọ̀ yẹn gan-an ni mo kórìíra jù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èmi kò lè fara da ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá. "Ẹ má bínú, mà. Mo fi ife dé e."

"Ife wo?"

"Ife tí a fi ń mu omi, mà."

"Ta ló ní kí o dé e?"

"Àǹtí mi ni, mà."

"Ṣé àǹtí rẹ náà ń ṣiṣẹ́ níbí ni?" Ó gbìyànjú láti le ojú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde kíá. "Ẹ lọ kó ife wá!"

A kán omi méjìlá. A dé mẹ́fà, a fi mẹ́fà sílẹ̀. Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ti ara wa nídìí awò bí ọmọdé. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a dé ló tò gbọnrangandan; àwọn tó kù ṣùjọ. Ọyẹ́ ló ti ń kán wọn lójú láti ọjọ́ yìí! Lábẹ́ ife, omi kò yára gbẹ, àwọn ọ̀pá sì rí àyè yí ara wọn padà, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ Kàbà gbé mi sókè. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá ní èmi lòun máa gbà síṣẹ́. Ó ní bí mo bá tún purọ́ fún òun, ẹja ni màá lọ máa tà lọ́jà ẹja Kado. Ọmọ Kàbà bọ̀ mí lọ́wọ́. "Gbà á jàre," ló wí, kò sì wo ojú mi.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo rí i pé ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé bí òun bá ti jẹ́wọ́, ọkàn òun á fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, fún bí ọjọ́ méjì. Ọmọ Kàbà, ẹni tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ti ń di ẹrù rẹ̀. Èmi tí mo ṣàìgbọràn, tí mo tún purọ́ lé e, ni wọ́n ní kó dúró. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi dé egungun, n kò ní purọ́ nípa ìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọ̀gá fẹ́ gbọ́ èsì mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ jù mí lọ: ṣé kí n gba iṣẹ́ náà ni, àbí kí n ní kí ọ̀gá gbé e fún ọmọ Kàbà? Kí lẹ̀yin ì bá ṣe?